Eré yáàdì 40: Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àti ohun tí aago kò lè sọ

Àwọn àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà tí ìràwọ̀ IICC Shooting Stars ń tàn yanranyanran ò lè gbàgbé Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mathematical. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń gbà. Tí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn àwọn adẹ̀yìnmú, eré ló kù. Ní 1976, Shooting Stars gba ife African Cup Winners' Cup, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1980, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé nínú góòlù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní àṣekágbá ife Áfíríkà l'Ékòó. Múdàṣírù Lawal, tí òun náà jẹ́ ọmọ Shooting Stars, ló gbá ẹ̀kẹta.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà náà, ìyẹn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Ẹni tó lè sá kọjá gbogbo adẹ̀yìnmú, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́nà jíjìn, kó sì hán an, òun ni wọ́n ń pè ní deep threat. Àwa á máa pè é ní ẹni ọ̀nà jíjìn nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ṣé aago nìkan tó? Ìbéèrè yìí kan ilé wa ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà oníflag, tí wọn kì í ti ara wọn lulẹ̀, máa wà nínú ìdíje Olympics ní Los Angeles lọ́dún 2028. Ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ Olympics fọwọ́ sí i. Èèyàn márùn-ún ló ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Dípò kí wọ́n gbé èèyàn ṣubú, aṣọ pélébé tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ ni wọ́n á fà yọ. Ẹsẹ̀ yíyá ló pọ̀ jù nínú eré náà.

Ìkejì, àjọ NFL, tó ń darí bọ́ọ̀lù náà l'Amẹ́ríkà, ti ń wá ọmọ kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ṣe ibùdó àyẹ̀wò wọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Osi Umenyiora, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants, wà lára àwọn tó ń léwájú iṣẹ́ yìí.

Torí náà, bí ọmọ yín ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba bá délé lọ́la tó ní, "Màámi, wọ́n ní mo sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.3," ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí, kí ẹ sì mọ ìgbà tí irọ́ wà nínú rẹ̀.

Kí ni yáàdì 40?

Yáàdì 40 jẹ́ mítà 36.58. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, NFL máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti yunifásítì jọ sí Indianapolis fún àyẹ̀wò. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á wọn ìwúwo wọn, wọ́n á ní kí wọ́n fò, wọ́n á sì ní kí wọ́n sáré. Eré yáàdì 40 ni gbogbo ayé máa ń dúró wò.

Ẹni tó fẹ́ sáré á dá ọwọ́ kan lélẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí fèrè. Ìgbà tó bá wù ú ló máa gbéra. Ẹnì kan ló ń tẹ aago bí ara rẹ̀ bá ti mì. Ní ìparí, iná tó dábùú ọ̀nà ló ń dá aago dúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí yàtọ̀ sí eré mítà 100. Nínú mítà 100, aago ti ń ka ìgbà láti ìgbà tí ìbọn bá ti dún, kí ẹsẹ̀ tó gbéra rárá. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí èèyàn mú àkókò yáàdì 40, kó wá fi wé ti àwọn sárésáré Olympics.

Wọn kì í ka àpapọ̀ nìkan. Wọ́n tún ń ka yáàdì 10 àkọ́kọ́, ìyẹn mítà 9.14, àti yáàdì 20. Yáàdì 10 àkọ́kọ́ ń sọ bí èèyàn ṣe ń gbéra sí. Yáàdì 20 tó kẹ́yìn ló ń sọ bó ṣe ń sáré tí ara bá ti gbóná. Ẹni ọ̀nà jíjìn nílò ìparí yẹn gan-an, torí pé ẹ̀yìn ni eré tiẹ̀ ti ń dùn.

Ta ló yá jù?

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Xavier Worthy sá a ní 4.21. Òun ló yá jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo iná ka àkókò níbẹ̀. Kó tó dé, John Ross ló di ipò náà mú pẹ̀lú 4.22 lọ́dún 2017. Chris Johnson ti sá 4.24 lọ́dún 2008.

Tí a bá pín in, 4.21 túmọ̀ sí pé Worthy ń sá bíi mítà 8.7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti dúró jẹ́ẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ju kìlómítà 31 ní wákàtí lọ. Ọkọ̀ Micra tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ọjà'ba ò lè bá a.

Ìyàtọ̀ kékeré ló ń dá nǹkan sílẹ̀ níbí o. Ká ní ẹnì kan sá 4.42, ẹnì kejì sá 4.60. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé òpin, ẹnì kejì ṣì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ohun tó lé ní mítà kan àbọ̀. Mítà kan àbọ̀ yẹn ni ọwọ́ adẹ̀yìnmú ò fi ní tó bọ́ọ̀lù.

Ìwúwo ńkọ́?

Ẹni tó wúwo tó tún yá, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2023, Adétómiwá Adébáwore, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ni, sá yáàdì 40 ní 4.49. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 282 pọ́n-ùn, bíi kílò 128. Ẹ fi wé Worthy tó wọn 165 pọ́n-ùn, bíi kílò 75. Ẹnu ya àwọn tó ń wòran. Ẹgbẹ́ Indianapolis Colts ló mú un lọ́dún yẹn.

Bill Barnwell ló ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Speed Score, láti fi wọn àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ẹ máa fi ìwúwo ní pọ́n-ùn lọ́nà 200, ẹ ó wá fi àkókò tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin pín in. Bí a bá fi ìṣirò yìí wò ó, Worthy ní 105, Adébáwore ní bíi 139. Nọ́ńbà náà ń sọ iye agbára tó wà nínú eré náà. Kò sọ ẹni tó lè sá lọ́nà jíjìn. Adébáwore kì í hán bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó lé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù mú. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó wà fún.

Ibi tí aago ti ń parọ́

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré láti orí òkè Mápó sọ̀ kalẹ̀ sọ́nà Ọjà'ba, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi fóònù ka àkókò. Wọ́n ní 4.2 ló sá a. Ṣé ó ti bá Worthy dọ́gba nìyẹn? Rárá o. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni àṣìṣe lè gbà wọ ibẹ̀.

*Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀.* Nínú òfin eré sísá lágbàáyé, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀ ju ìdá kan nínú 1,000 lọ. Lórí yáàdì 40, ìyẹn ò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Gbogbo ẹni tó ti gun òkè Mápó mọ̀ pé ibẹ̀ sọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

*Ọwọ́ tó ń tẹ aago.* Ẹni tó ń tẹ aago máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ní láti kọ́kọ́ rí i kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbà á. Àmọ́ ní ìparí, ó ti ń wo sárésáré bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Àǹfààní ọ̀fẹ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tó ń sáré. Nínú eré mítà 100, 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún àkókò ọwọ́ kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Lórí yáàdì 40, 0.24 ju mítà méjì lọ. Ẹni tí ọwọ́ ní ó sá 4.3, ẹ̀rọ lè ní 4.5 ló sá.

*Ìdíwọ̀n ọ̀nà.* Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ka yáàdì. Tí ọ̀nà bá jẹ́ mítà 35 dípò 36.58, ó ti bu bíi 0.16 kúrò nínú àkókò lásán.

*Afẹ́fẹ́.* Ẹ̀kọ́ tó dára jù lórí èyí, ọmọ wa ló kọ́ wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá mítà 100 onífífò ní 12.12 ní Eugene, l'Amẹ́ríkà, nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ìtàn tuntun lágbàáyé ni. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí i, ó sá àṣekágbá ní 12.06, ó sì gba wúrà. Kí ló dé tí 12.06 kò fi di ìtàn? Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin sì ní kò gbọdọ̀ ju 2.0 lọ. Wúrà rẹ̀ kò yẹ̀, òun náà ló sáré, àmọ́ wọn ò kọ àkókò yẹn sínú ìwé. Bí wọ́n bá lè fi òfin yìí de ẹni tó yá jù láyé, kí ló dé tí a ò ní fi de ọmọ tó sáré ládùúgbò wa? Àyẹ̀wò Indianapolis kò ní ìṣòro yìí, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń sá a.

Eré lórí pápá kò rí bí eré nínú àyẹ̀wò

Nínú àyẹ̀wò, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lọ́rùn. Lórí pápá, akoto wà lórí, ìbòjú èjìká wà lára, ẹnì kan sì wà níwájú tó fẹ́ gbé ẹ ṣubú. Ìdí nìyẹn tí NFL fi ń lo ṣíípù. Láti bíi 2014 ni wọ́n ti ń fi ṣíípù kékeré sínú ìbòjú èjìká àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ̀rọ ń rí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n ń tipa báyìí mọ bí èèyàn ṣe sáré tó nínú ìdíje gan-an, àti iye yáàdì tó wà láàárín òun àti adẹ̀yìnmú tó sún mọ́ ọn jù nígbà tí bọ́ọ̀lù dé.

Lọ́dún 2016, ẹ̀rọ yìí ní Tyreek Hill sá 23.24 máìlì ní wákàtí, ìyẹn kìlómítà 37.4, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lára rẹ̀. Usain Bolt kọjá kìlómítà 44 ní wákàtí lọ́jọ́ tó sá 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009. Ṣé ẹ rí i? Eré tí ajá bá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin. Síbẹ̀, Bolt kò ní akoto lórí, kò sì sẹ́ni tó ń dènà dè é.

Ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó: ìtàn Nelson Agholor

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èkó ni wọ́n ti bí Nelson Agholor lọ́dún 1993, kí ìdílé rẹ̀ tó kó lọ sí Tampa, ní Florida, nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́dún 2015, ó sá yáàdì 40 ní 4.42. Philadelphia Eagles mú un ní ipò ogún. Gbogbo èèyàn ló rò pé ẹni ọ̀nà jíjìn ti dé.

Ní 2016, bọ́ọ̀lù 36 ló hán, yáàdì 365 péré ló fi kó. Tí a bá pín in, yáàdì bíi mẹ́wàá ni lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pariwo lé e lórí. Ní ìdíje Super Bowl tó wáyé ní oṣù kejì ọdún 2018, ó hán mẹ́sàn-án, Eagles sì gba ife. Ṣùgbọ́n ní 2019, bọ́ọ̀lù 39 fún yáàdì 363 ló tún jẹ́.

Ó wá lọ sí Las Vegas Raiders ní 2020. Wọ́n ń jẹ́ kó sá lọ jìnnà, wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù sí i níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù 48 ló hán fún yáàdì 896, ó sì fi mẹ́jọ gba àmì wọlé. Yáàdì 18.7 lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan! Ẹsẹ̀ kan náà ni o. Ẹni tó sá 4.42 ní 2015 ni. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ní ọdún 27. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló yí padà, ọ̀nà tó ń gbà sáré yí padà, ọwọ́ rẹ̀ náà sì gba bọ́ọ̀lù.

Ẹ tún wo John Ross. Torí 4.22 yẹn, Cincinnati Bengals mú un ní ipò kẹsàn-án. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, kò hán bọ́ọ̀lù kankan. Odindi ọdún, òdo! Nígbà kan náà, Cooper Kupp tó sá 4.62 lọ́dún yẹn kan náà, tí wọ́n ní kò yá tó, hán bọ́ọ̀lù 145 fún yáàdì 1,947 ní 2021. Kò sẹ́ni tó jù ú lọ nínú gbogbo NFL lọ́dún náà.

Kí ni wọ́n tún ń wò?

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kì í ju bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ adẹ̀yìnmú láàárín àkókò yẹn. Torí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń wo nǹkan wọ̀nyí:

- Bó ṣe ń yọ kúrò níwájú ẹni tó dúró dè é ní ìbẹ̀rẹ̀.
- Bó ṣe ń yí eré padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á sá níwọ̀nba, adẹ̀yìnmú á fọkàn balẹ̀, òun á wá tú eré sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
- Bó ṣe ń bojú wẹ̀yìn wo bọ́ọ̀lù lókè láìjẹ́ kí eré rẹ̀ dínkù.
- Iye bọ́ọ̀lù tó hán nínú àwọn tí wọ́n jù sí i láti yáàdì 20 sókè.
- Iye yáàdì tó ń kó lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni Bob Hayes. Òun ló gba wúrà mítà 100 ní Tokyo lọ́dún 1964. Lọ́dún 1965, ó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Dallas Cowboys, ó sì hán 46 fún yáàdì 1,003, ìyẹn bíi yáàdì 21.8 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí adẹ̀yìnmú tó lè dá nìkan tẹ̀lé e. Wọ́n ní láti pín pápá láàárín ara wọn, kí oníkálukú ṣọ́ apá tirẹ̀. Eré ẹnì kan mú kí àwọn èèyàn tún bí wọ́n ṣe ń dènà rò. Ìyẹn ni ẹni ọ̀nà jíjìn: bí wọn ò tiẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sí i, ẹ̀rù rẹ̀ nìkan á mú kí àyè ṣí sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n dáadáa nílé

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe ojú títì, torí ewu ọkọ̀. Pápá ilé ìwé dára tí wọ́n bá gbà yín láyè. Ẹ fi téèpù wọn mítà 36.58, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ sàmì sí mítà 9.14 náà.

Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ sórí ohun tí kò mì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí eré parí sí, kó jìnnà tó láti rí ìbẹ̀rẹ̀ náà. Ẹ fi ya fídíò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ara ọmọ náà kọ́kọ́ mì títí di ìgbà tí àyà rẹ̀ kọjá ìlà. Tí fóònù yín bá ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 138 jẹ́ 4.6. Ẹ jẹ́ kó sá a lọ, kó sá a bọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ràn án lọ́wọ́ ní ìhà kan ṣoṣo. Kó sinmi dáadáa láàárín méjèèjì. Kó tó sá rárá, kó gbọ̀n ara, kó nà ara. Iṣan itan tó bá já kì í tètè san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́nà jíjìn nígbà mẹ́wàá, kí ẹnì kan sì máa lé e. Ẹ ka iye tó hán. Nọ́ńbà kejì yìí ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún àwọn òbí

Bí ẹnikẹ́ni bá mú nọ́ńbà wá bá yín, tó ní ọmọ yín ti tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin yìí: Kí ni wọ́n fi ka àkókò? Kí ni wọ́n fi wọn ọ̀nà? Báwo ni ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣe rí? Ìgbà mélòó ló hán bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹnì kan ń lé e? Bí kò bá rí ìdáhùn, tó sì ní kí ẹ mú owó wá fún fíìmù, fún fọ́ọ̀mù tàbí fún físà, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí 4.3 tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀. Ẹ dúró ná, kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ àjọ tó ní eré náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ tó yá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Aago lè sọ bó ṣe yá tó, bí wọ́n bá fi òótọ́ tẹ̀ ẹ́. Yòókù di ọwọ́ iṣẹ́: ẹ̀kọ́, ojú tó ń wo bọ́ọ̀lù, ọwọ́ tó ń hán an, àti olùkọ́ tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lò ó sí. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàárín 4.42 Agholor àti yáàdì 18.7 rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọmọ yín ní sùúrù o.